Omi Odò Agbọ́rọ̀dúró àti Èmi Tí Mo Dúró Sáàárín

Nígbà tí ọ̀rọ̀ yìí ṣẹlẹ̀, ìyá tó bí mi ṣì wà láyé, eyín rẹ̀ ṣì ń fọ́ egungun. Ògúndépò, Olúọ́dẹ Òkè-Ìràwé, ṣì wà láyé, ó ń fi ojú kan ṣoṣo tó kù fún un rí ohun tí olójú méjì kò rí. Ọkọ mi, bàbá yín àgbà, ti lọ ní ọdún méjì ṣáájú, ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà, àbúrò tèmi náà wà. Nínú gbogbo àwọn tí mo kà yìí, èmi nìkan ni mo ṣẹ́kù. Kì í ṣe pé mo sàn jù wọ́n lọ ni ikú ṣe fi mí sílẹ̀. Bóyá ó ní kí n jókòó, kí n ro ẹjọ́ ara mi tán, kí n tó máa bọ̀.

Ẹ sún mọ́ mi dáadáa, ẹ̀yin ọmọ mi àti ọmọ ọmọ mi. Ẹni tó ń jẹ àgbàdo, kó máa jẹ ẹ́ láìpariwo.

Ẹ mọ̀ mí. Èmi ni Àwẹ̀ró ọmọ Ọdẹ́gbàmí, obìnrin tó gbé ìbọn kọ́ èjìká nígbà tí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ ń gbé agbọ̀n ọjà. Mo ti bá ìkookò pín ihò sùn. Mo ti wo ẹkùn lójú títí tó fi jẹ́ pé òun ló kọ́kọ́ ṣẹ́jú. Ẹ béèrè lọ́wọ́ igbó, kò ní purọ́ fún yín. Gbogbo ìyẹn ni mo ti sọ fún yín rí, ẹ ti pàtẹ́wọ́, mo sì ti gba àtẹ́wọ́ náà. Ṣùgbọ́n lánàá, nígbà tí méjì nínú yín ń jìjà adìẹ, tí ẹnì kan ní kí n wá sọ ẹni tó ni ín, ẹnì kejì fèsì pé, "Ẹ fi ìyá àgbà sílẹ̀, wọn kì í ṣe ti ẹnì kan, àárín ni wọ́n máa ń wà." Ẹ rò pé ìyìn lẹ yìn mí. Inú yàrá ni mo wọ̀ lọ, mo fi gèlè bo ojú, mo sunkún bí ẹni tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ túfọ̀ fún. Ohun tó pa mí lẹ́kún ni mo fẹ́ sọ. Kò ní orin nínú, ẹ má dúró de ègbè.

Bàbá mi Ọdẹ́gbàmí kò tètè bí ọmọkùnrin. Nígbà tó rí i pé ọjọ́ ń lọ, ó gbé ìbọn lé mi lọ́wọ́, ó ní igbó kò mọ ọkùnrin yàtọ̀ sí obìnrin, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n rìn ló mọ̀ ọ́n. Mo ti di ọmọ ọdún méjìlá kí ìyá mi tó bí Ọdẹ́dìran. Èmi ni mo pọ̀n ọ́n dàgbà. Èmi ni mo kọ́ ọ bí a ti í tẹ ewé gbígbẹ tí kò fi ní dún. Ó dàgbà, ṣùgbọ́n kò ga. Tí a bá dúró pọ̀, èjìká mi ni orí rẹ̀ mọ. Bí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ bá fi ṣe yẹ̀yẹ́, a ní, "Èmi ò kúrú o, ilẹ̀ ibi tí mo dúró sí ló wọnú." Ẹ̀rín ni tirẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́.

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi ní tirẹ̀, Oyèékàn ni wọ́n sọ ọ́. Ìyàwó ilé kì í pe ọkọ lórúkọ, nítorí náà Agùntáṣọọ́lò ni èmi ń pè é, torí pé tó bá dìde dúró, orí rẹ̀ ń kan àjà. Nígbà tí ọkọ mi kú, òun ló ń fún èmi àti àwọn ọmọ mi mẹ́ta níṣu. Abẹ́ òrùlé rẹ̀ la wà, ilẹ̀ rẹ̀ ni mo ń gbin ẹ̀gẹ́ sí. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn. Èmi náà fi í sọ́kàn, ó sì wúwo níbẹ̀ ju bó ṣe yẹ lọ.

Ní ọdún náà, ẹfọ̀n kan tí ìwo rẹ̀ kan ti kán ń jáde sí àwọn àgbẹ̀ wa, ó ń kàn wọ́n pa. Olúọ́dẹ pín gbogbo ọdẹ káàkiri igbó. Àwa mẹ́ta wà létí àbàtà kan: Ọdẹ́dìran ní ọwọ́ ọ̀tún, Agùntáṣọọ́lò ní ọwọ́ òsì, èmi lórí igi láàárín wọn. Ìyálẹ̀ta ni ẹfọ̀n náà yọ. Ọdẹ́dìran yìnbọn, ọta wọ̀ ọ́ lábẹ́ apá, mo rí bí ẹ̀jẹ̀ ṣe tú bí omi inú akèrègbè tó fọ́. Ẹran náà ta gìrì, ó sáré lọ sí òsì, ó fi orúnkún kúnlẹ̀, ó ń mí hẹ̀lẹ̀hẹ̀lẹ̀. Ìgbà náà ni Agùntáṣọọ́lò tó dìde níbi tó sá pamọ́ sí, ó yìn ín lórí. Ẹran ṣubú.

Òfin àwa ọdẹ kò ní kọ̀rọ̀ nínú: ẹni tó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹran ló lẹran, orí, ìrù àti awọ, ẹni tó parí rẹ̀ yóò gba itan kan, yóò sì dúpẹ́. Ẹni tó bá pe ẹran ẹlẹ́ran ní tirẹ̀, olè ni. A ó gba ìbọn lọ́wọ́ rẹ̀ níṣojú gbogbo ọdẹ, a kò sì ní bá a jẹun mọ́ láyé.

Kí a tó délé, Agùntáṣọọ́lò ti ń sọ pé òun ló kọ́kọ́ ta á, pé inú ewé ni ọta Ọdẹ́dìran lọ. Bóyá ó kọ́kọ́ fi ṣe eré ni. Ṣùgbọ́n àwọn ènìyàn ti bẹ̀rẹ̀ sí kì í, ẹni tí a bá sì ti kì gun orí ẹṣin, àti sọ̀kalẹ̀ a máa nira. Ọdẹ́dìran rẹ́rìn-ín títí, nígbà tó rí i pé ọ̀rọ̀ ò rẹ́rìn-ín mọ́, ó ní, "Ó dáa. Ẹ̀gbọ́n mi wà lórí igi. Ẹ bi wọ́n."

Olúọ́dẹ kó wa jọ, ó fi ọ̀bẹ irin lélẹ̀ níwájú mi. Ó ní, "Àwẹ̀ró, fi ahọ́n kan irin, kí o sọ ẹni tó kọ́kọ́ fa ẹ̀jẹ̀ ẹran yìí."

Ẹ̀yin ọmọ mi, mo wo ọ̀tún, mo rí ẹni tí mo pọ̀n. Mo wo òsì, mo rí ẹni tó ń bọ́ àwọn ọmọ mi. Mo wá rí ọgbọ́n kan. Mo kúnlẹ̀, mo ní, "Bàbá, èyí ọmọ ìyá mi, ìyẹn ọkọ mi. Ẹsẹ̀ mi ọ̀tún ni, ẹsẹ̀ mi òsì ni. Èwo nínú rẹ̀ ni kí n gé? Àwọn méjèèjì yìnbọn, ẹran kan ló kú. Àárín lèmi wà."

Mi ò fi ahọ́n kan irin. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí ahọ́n mi kò ti kan irin, mi ò purọ́. Ẹ gbọ́ ọgbọ́n òmùgọ̀! Ariwo sì ta. "Obìnrin yìí mà lọ́pọlọ o!" "Kò gbè sẹ́yìn ẹnì kan!" "Ọmọ àgbà ni!" Mo tún gèlè mi wé. Ìyá mi nìkan ni kò yìn mí. Ó wò mí, ó ní, "Àwẹ̀ró, ojú rẹ tó ń rí abẹ́rẹ́ nínú iyẹ̀pẹ̀, ṣé òní ló fọ́?"

Olúọ́dẹ gbé ọ̀bẹ rẹ̀. Ó ní, "Mi ò lè gba ìbọn lọ́wọ́ ẹnì kan lórí iyèméjì. Ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, ẹ lọ bá Ìyá Ẹfọ̀n ní ìkángun igbó. Òun ló bí ẹran tẹ́ ẹ pa. Ẹni tó bá dá láre ni mo dá láre."

Bí a ṣe dágbére fún ayé nìyẹn.

Ibi tí a kọ́kọ́ kàn ni bodè igbó. Oníbodè ibẹ̀ ní orí méjì lórí ọrùn kan. Orí ọ̀tún ní òun lẹ̀gbọ́n, orí òsì ní irọ́ ni, òun lẹ̀gbọ́n. Ọjọ́ tí wọ́n ti ń jà á, òkè tó wà lẹ́yìn wọn ṣì jẹ́ pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kọjá gbọ́dọ̀ sọ èwo lẹ̀gbọ́n. Bó bá mú ọ̀tún, òsì a gé e jẹ; bó bá mú òsì, ọ̀tún a gé e jẹ. Egungun àwọn tó ti dáhùn kún ibẹ̀ bí ẹyìn lábẹ́ ọ̀pẹ.

Agùntáṣọọ́lò, ẹni tó fẹ́ràn ipò ẹ̀gbọ́n, ní, "Ọ̀tún lẹ̀gbọ́n, kò lè ṣàì rí bẹ́ẹ̀." Kó tó pa ẹnu dé, orí òsì ti fi eyín di etí rẹ̀ mú, ó ń fà á bí ẹni fa ìtàkùn. Ọdẹ́dìran ń rẹ́rìn-ín, ó ń ti ẹ̀gbọ́n ọkọ mi lẹ́yìn, ó ní, "Ẹ fún wọn ní etí kejì, kí ó lè dọ́gba!"

Èmi Àwẹ̀ró ni mo jáde síwájú. Ẹ kí mi níbí yìí, torí ẹ ò tún ní ríbi kí mi mọ́ títí ìtàn á fi tán. Mo ní, "Ẹ̀yin àgbà, ọ̀fun mélòó lẹ ní?"

Wọ́n ní, "Méjì."

"Ikùn ńkọ́?"

"Ọ̀kan."

"Tí ikùn náà bá yó, ta nínú yín ló ń gùnfẹ̀?"

Orí òsì tú etí sílẹ̀. Wọ́n wo ara wọn. Wọ́n bú sẹ́rìn-ín, wọ́n rẹ́rìn-ín títí ọrùn kan ṣoṣo náà fi ń mì. Wọ́n ní, "Àwa méjèèjì ni!"

Mo ní, "Ìyẹn kì í ṣe ìjà nígbà náà, eré ọmọ ilé kan ni. Èmi ò ní bá yín ṣe é."

Wọ́n ṣí bodè fún wa. Bí mo ṣe ń kọjá, orí ọ̀tún bẹ̀rẹ̀ sí etí mi, ó ní, "Obìnrin, o gbọ́n. Ṣùgbọ́n nínú ìjà tiwa, kò sí olè. Má gbé ọgbọ́n yìí dé ibi tí olè bá wà." Mo ní mo ti gbọ́. Etí ló gbọ́, inú kò gbà á.

A rìn, a rìn, a dé ìlú kan tí wọ́n ń pè ní Àárín-Gbùngbùn. Ẹ̀yin ọmọ, mo ti rí ìlú rí, mi ò rí irú èyí. Ilẹ̀kùn wọn kì í ṣí, kì í sì í tì, ó kàn ń fì ni. Iṣu tí wọ́n fi ṣe wá lálejò, wọ́n sè é dé ìdajì, torí kí inú má bàa bí ẹni tó fẹ́ràn jíjinná, kí inú má sì bàa bí ẹni tó fẹ́ràn tútù. Ó ń ró kàùn lẹ́nu wa. Àwọn ará ìlú fúnra wọn kò ní ojú tí a lè dá mọ̀. Ojú wọn ti tẹ́jú, ó ń dán bí òkúta ìsàlẹ̀ odò, torí ẹni tó bá ní ìrísí lójú, a lè mọ ibi tó fì sí.

Òbúkọ kan wà nínú oko opó kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, ó ń jẹ àgbàdo rẹ̀ láti orí ebè dé orí ebè. Opó náà káwọ́ lérí, ó ń ké. Gbogbo ìlú jókòó, wọ́n ń wò ó. Ọba wọn, Olú Àárín, mi orí, ó ní, "Òbúkọ ní ẹnu tirẹ̀, opó ní ẹkún tirẹ̀. Ta ni àwa?"

Ọdẹ́dìran kò lè mú un mọ́ra. Ó mú igi, ó lé òbúkọ náà jáde. Ojú ẹsẹ̀ ni gbogbo ìlú dìde. "Ó ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan! Ó ti gbè sẹ́yìn ẹnì kan!" Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí sọ ọ́ lókùúta. Ìgbà tí òbúkọ ń jẹun, wọn ò ní òkúta lọ́wọ́ o. Ìgbà tí ènìyàn kan dáwọ́ rẹ̀ dúró ni wọ́n rí òkúta.

Agùntáṣọọ́lò ti sá lọ sẹ́yìn ìlú. Èmi ńkọ́? Àwọn àgbààgbà wọn ti yí mi ká, wọ́n ti gbọ́ ohun tí mo sọ níwájú Olúọ́dẹ. Wọ́n ń pè mí ní Ìyá Àárín. Wọ́n gbé àpótí fún mi jókòó, wọ́n ní kí n dúró kí àwọn fi mí joyè. Mo jókòó. Òkúta ń ba ọmọ ìyá mi lẹ́yìn, mo jókòó, mo ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Nígbà tí mo fọwọ́ nu òógùn ojú, mo rí i pé imú mi ti kéré. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Ẹ wò ó dáadáa, kò tíì padà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀ títí dòní.

Ìyẹn ló dẹ́rù bà mí, kì í ṣe òkúta tó ń ba Ọdẹ́dìran. Imú ara mi ni mo torí rẹ̀ sá jáde.

Nígbà tí a jìnnà sí ìlú náà, Ọdẹ́dìran jókòó sórí gbòǹgbò igi, ó ń fi ewé nu ẹ̀jẹ̀ orí rẹ̀. Agùntáṣọọ́lò ti lọ síwájú láti wá omi. Ọdẹ́dìran ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ṣé kí n bi yín ní ọ̀rọ̀ kan?"

Mo ní, "Bi mí."

"Ẹ rí i àbí ẹ ò rí i?"

Mo já ewé mìíràn fún un.

"Ẹ rí i," ni ó wí.

Mo ní, "Ọdẹ́dìran, ilé ta ni mò ń gbé? Iṣu ta ni àwọn ọmọ ẹ̀gbọ́n rẹ ń jẹ? Tí mo bá délé tí mo ti sọ ọkọ mi di olè, ibo ni n ó kó wọn sí? Tí n kò bá sọ nǹkan kan, ẹ̀yin méjèèjì á parí ẹ, ọkùnrin ni yín."

Ó ní, "Mo mọ̀. Mi ò ní kí ẹ gbèjà mi. Mi ò ní kí ẹ bu ẹnì kankan. Ojú yín nìkan ni mo ní kí ẹ yá mi. Bí wọ́n bá gba ìbọn lọ́wọ́ mi, tí wọ́n pè mí lólè, kí ni mo kù sí? Ọkùnrin kúkúrú tí kò ní ìbọn." Ó wá rẹ́rìn-ín. "Wọ́n á máa fi mí há ilẹ̀kùn."

Èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo dà á sí eré, nítorí pé eré kò béèrè ìdáhùn.

Ní ọjọ́ kẹta, a dé odò Agbọ́rọ̀dúró. Odò náà kì í ṣàn bí a bá ń sọ̀rọ̀ létí rẹ̀. Á dúró jẹ́ẹ́, á máa gbọ́. Ìyá Ẹfọ̀n jókòó létí bèbè. Ara ènìyàn ni, orí ènìyàn ni, ṣùgbọ́n ìwo méjì wà lórí rẹ̀, irun funfun rẹ̀ sì wọ́ nílẹ̀ dé inú omi. Ojú rẹ̀ pọ́n, torí ó ń ṣọ̀fọ̀. Mo ti wo ẹkùn lójú, mi ò lè wo ìyẹn lójú.

Ó ní, "Ẹ pa ọmọ mi, mo fara mọ́ ọn. Ọmọ mi náà ti pa ọmọ àwọn ẹlòmíràn. Kí ló tún dé tí ẹ ń jà lórí òkú rẹ̀?"

Agùntáṣọọ́lò rojọ́ tirẹ̀. Ọdẹ́dìran rojọ́ tirẹ̀. Ìyá Ẹfọ̀n ní, "Mo mọ ẹni tó kọ́kọ́ ta á, ọgbẹ́ rẹ̀ ti sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ènìyàn, ẹnu ènìyàn la fi ń sọ ọ́. Ojú tó rí ló ni ẹnu. Òkúta méjì nìyẹn nínú odò. Kí olúkúlùkù dúró lórí ọ̀kan. Ìgbà mẹ́ta ni n ó bi ẹlẹ́rìí. Bó bá sọ ohun tó rí, omi á fà. Bó bá yẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, omi á kún. Èmi kì í ṣègbè: òkúta kan náà, omi kan náà."

Inú mi dùn sí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo ní lọ́kàn mi pé ìyá yìí gbọ́n bíi tèmi.

Wọ́n wọnú odò. Ẹsẹ̀ wọn lẹ̀ mọ́ òkúta bí ẹni pé wọ́n hù níbẹ̀. Ìyá Ẹfọ̀n bi mí: "Obìnrin, ta ló kọ́kọ́ ta ọmọ mi?"

Mo ní, "Ìyá, èyí ọmọ ìyá mi, ìyẹn ọkọ mi. Àárín lèmi wà."

Omi kún. Ó dé orúnkún Agùntáṣọọ́lò, ó sì dé itan Ọdẹ́dìran. Ọdẹ́dìran ní, "Ẹ ò rí i pé ilẹ̀ tèmi wọnú lóòótọ́?" Ẹnikẹ́ni kò rẹ́rìn-ín.

Ó bi mí lẹ́ẹ̀kejì. Mo ní, "Ìyá, ẹ jẹ́ kí àwọn méjèèjì parí ẹ láàárín ara wọn."

Omi kún. Ó dé ìbàdí ẹni gíga, ó dé àyà ẹni kúkúrú. Ìgbà yẹn ni mo tó rí ohun tí ọmọdé á ti rí láti ìbẹ̀rẹ̀. Omi kan náà ni, kò ṣègbè, ṣùgbọ́n kò bá wọn dọ́gba. Ẹni gíga á dúró nínú rẹ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú, á jáde, á nu ara. Gbogbo ìgbà tí mo sọ pé àárín lèmi wà, ẹ̀yìn ẹni gíga ni mo wà. Láti iwájú Olúọ́dẹ ni mo ti wà níbẹ̀.

Mo rí i, mi ò sì sọ̀rọ̀. Ẹ má dá mi sí. Mo rí i, mo sì ń ro ti iṣu.

Ìyá Ẹfọ̀n ní, "Ẹ̀ẹ̀kẹta rèé. Ta ló kọ́kọ́ ta ọmọ mi?"

Omi ti ń gun òkè kí n tó la ẹnu. Ó dé àyà Agùntáṣọọ́lò. Ó dé àgbọ̀n Ọdẹ́dìran, ó gbé orí sókè, ó ń fi imú wá afẹ́fẹ́. Kò pè mí. Ẹni tí mo pọ̀n yìí, tó máa ń pè mí tí èèrà bá jẹ ẹ́, kò pè mí.

Agùntáṣọọ́lò yíjú, ó rí i. Ó kígbe, "Ó tó! Òun ló ta á! Irọ́ ni mo pa! Ìyá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dá omi dúró, òun ló ta á!"

Ìyá Ẹfọ̀n ní, "Odò kò gbọ́ ẹnu oníjà. Ẹnu ẹlẹ́rìí nìkan ló ń gbọ́."

Ẹ̀yin ọmọ mi, ibi tí ìtìjú wà nìyí. Òpùrọ́ ti ṣáájú mi dé ibi òtítọ́. Ẹni tí mò ń bẹ̀rù ti jẹ́wọ́ fúnra rẹ̀. Kí ló tún kù tó dí mi lẹ́nu? Síbẹ̀, mo kọ́kọ́ wo ojú Agùntáṣọọ́lò ná, kí n mọ̀ bóyá inú á bí i bí mo bá sọ̀rọ̀. Ẹni tó ti jẹ́wọ́ tán, mo tún ń gba àyè lọ́wọ́ rẹ̀! Ó ń ké, "Sọ ọ́, ìyàwó wa! Kí lò ń wò? Sọ ọ́!"

Ní ìwọ̀n ìgbà tí mo fi wò ó yẹn, omi bo orí ọmọ ìyá mi.

Mo wá ké. Mo ní, "Ọdẹ́dìran ló ta á! Mo rí i! Abẹ́ apá ni, mo rí ẹ̀jẹ̀! Láti orí igi ni mo ti rí i!" Omi fà lẹ́ẹ̀kan náà, bí ẹni fa aṣọ lára ẹni tó sùn. Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo ni odò náà ń dúró dè.

Agùntáṣọọ́lò ló gbé e jáde, òun ló tẹ ikùn rẹ̀. Ó mí. Inú mi dùn, mo ń jó létí odò bí wèrè. Ìyá Ẹfọ̀n kò jó. Ó ní, "Omi odò yìí, ẹni tó bá mu ún nítorí ìdákẹ́ ẹlòmíràn, kì í bì í tán nínú."

Ẹ̀gbọ́n ọkọ mi pọ̀n ọ́n délé. Mo ní kí n gbà á pọ̀n, ó ní kí n máa rìn níwájú. A ò gba Àárín-Gbùngbùn kọjá mọ́, oníbodè olórí méjì rí ẹni tó wà lẹ́yìn Agùntáṣọọ́lò, ó sì ṣí bodè láìbéèrè nǹkan kan.

Nígbà tí a délé, Agùntáṣọọ́lò fúnra rẹ̀ ló gbé ìbọn rẹ̀ lélẹ̀ níwájú Olúọ́dẹ. Ó ní, "Olè ni mí, ẹ gbà á." Wọ́n gbà á. Lẹ́yìn ìyẹn, kò bínú sí mi rí, kò dín iṣu mi kù. Gbogbo ohun tí mo bẹ̀rù, kò sí ọ̀kan tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀. Ojoojúmọ́ ló ń lọ sí ilé bàbá mi lọ́dọ̀ Ọdẹ́dìran, tó ń bu ẹ̀kọ gbígbóná sí i lẹ́nu, tí àwọn méjèèjì ń fi ara wọn ṣe yẹ̀yẹ́ gíga àti kúkúrú. Èmi náà ń lọ. Ìdí ilẹ̀kùn ni mo máa ń jókòó sí. Ikọ́ náà kò lọ. Bó bá wú u, omi ló ń jáde, omi tútù tó mọ́ gaara.

Olúọ́dẹ dá ọjọ́ tí wọ́n máa gbé orí ẹfọ̀n àti ìrù rẹ̀ lọ fún Ọdẹ́dìran, kí wọ́n sì fi í jókòó sáàárín àwọn àgbà ọdẹ. Ní àárọ̀ ọjọ́ náà, ìyá wa wẹ̀ ẹ́, ó wọ ẹ̀wù gbérí ọdẹ fún un. Ọdẹ́dìran ní, "Ẹ̀gbọ́n mi dà?"

Mo dìde nídìí ilẹ̀kùn, mo lọ kúnlẹ̀ tì í. Ẹ̀gbọ́n kì í kúnlẹ̀ fún àbúrò, mo mọ̀. Mo kúnlẹ̀.

Ó ní, "Nígbà tí ẹ ké létí odò lọ́jọ́ yẹn, mo gbọ́ ọ lábẹ́ omi."

Mo ní, "O gbọ́ ọ?"

Ó ní, "Mo gbọ́ ọ ketekete. Ohùn yín rinlẹ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ó dùn ún gbọ́. Kí ló wá dé tí ẹ fi í pamọ́?"

Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú. Ó béèrè bí ọmọ ṣe ń béèrè ohun tí kò yé e. Mo wá ìdáhùn lọ sí ọ̀tún, mo wá a lọ sí òsì. Ìyá mi wà níbẹ̀, Agùntáṣọọ́lò wà níbẹ̀ tòun ti abọ́ ẹ̀kọ lọ́wọ́, wọ́n ń wò mí, wọ́n ń dúró dè mí. A ti ń gbọ́ ìbọn àwọn ọdẹ tí wọ́n ń bọ̀ lókèèrè pẹ̀lú orí ẹfọ̀n. Mi ò tíì rí ohun tí mo máa sọ, wọn ò sì tíì dé ẹnu ọ̀nà wa, nígbà tí Ọdẹ́dìran ọmọ ìyá mi kú, ní ọjọ́ ọjà, ní oṣù tí wọ́n ń ká àgbàdo.